Òfin ti kà ọ́ mọ́ ọmọ, ìwé ẹbí ńkọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ọmọ Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yege nínú BAC, ìdánwò àṣejáde girama. Ó wù mí kí n lọ kọ́ òfin ní yunifásítì Calavi, kí n sì dúró lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ obìnrin bíi tiyín. Bàbá mi kú lọ́dún tó kọjá, ẹbí kò tíì ṣe ìpàdé ogún. Àbúrò bàbá mi ní kí n má fi ọdún mi ṣòfò, pé òfin òyìnbó lẹ ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin, pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Kétu ti bọ̀wọ̀ fún obìnrin kí òyìnbó tó dé, àti pé ní ti oko bàbá mi, obìnrin kì í jogún ilẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, kí ni iṣẹ́ yín gan-an, ṣé ó sì ń dé Kétu?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, ẹ kú ọ̀fọ̀ bàbá o. Ọlọ́run yóò dá ìyókù sí. Àjàṣẹ́ ni mo wà tí mò ń kọ èyí sí ọ, yóò sì gùn díẹ̀, torí ohun tí o béèrè kì í ṣe ẹyọ kan. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá àbúrò bàbá rẹ lóhùn kí n tó dé orí iṣẹ́ tèmi. Bí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò bá kúrò nílẹ̀, ohunkóhun tí mo bá sọ yóò máa dún létí rẹ bí ohun tí òyìnbó kọ́ mi.

Ó ní òfin òyìnbó ni. Ó dáa, bi í pé èwo ni òyìnbó kọ nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta ọdún 1931, ìjọba Faransé tó ń ṣàkóso Dàhòmì, ìyẹn Bẹ̀nẹ̀ wa yìí, fi ìwé kan lélẹ̀ tí wọ́n pè ní Coutumier du Dahomey. Wọ́n ní àṣà àwọn ọmọ ilẹ̀ làwọn kó jọ síbẹ̀, ti Fọ̀n, ti Ajá, ti Bàrìbá, ti àwa Yorùbá, gbogbo rẹ̀ pọ̀ nínú ìwé kan, ní èdè Faransé. Ibẹ̀ la ti kà á pé obìnrin kò ní agbára kankan lábẹ́ òfin. Ibẹ̀ la ti kà á pé obìnrin àti àwọn ọmọ jẹ́ ara ohun ìní ọkọ, pé wọ́n sì wà lára ogún tó fi sílẹ̀. Ìyá tó ń ru ẹrù láti Kétu lọ sí Mẹ̀kọ àti Ìlárá, tó ń yá ọkọ lówó tó sì ń gbà á padà, tó fi owó ara rẹ̀ kọ́lé, ohun tí ìwé náà sọ nípa rẹ̀ kò ju pé ó lè máa ta nǹkan wẹ́wẹ́ kó fi kó owó díẹ̀ jọ.

Ìwé yìí ni àwọn adájọ́ ń ṣí nígbà tí ẹjọ́ ogún àti ẹjọ́ ìgbéyàwó bá dé iwájú wọn, títí a fi gba òmìnira ní 1960, àti fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn àgbààgbà wa gbọ́ ọ lẹ́nu adájọ́ títí ó fi di ọ̀rọ̀ tiwọn. Nítorí náà nígbà tí ẹnìkan bá sọ fún mi pé “àṣà wa ni”, mo máa ń fẹ́ mọ̀ bóyá àṣà Kétu ló ń bá mi sọ, àbí ọ̀rọ̀ ọ̀gá òyìnbó ọdún 1931 tó ti gbàgbé ibi tó ti gbọ́ ọ.

Ta ló wá gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn? Ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 1996 ni Ilé Ẹjọ́ tó ń ṣọ́ Ìwé Òfin Ilẹ̀ wa sọ ọ́, nínú ìdájọ́ tí a mọ̀ sí DCC 96-063, pé Coutumier kì í ṣe òfin, adájọ́ kankan kò sì lè gbé ìdájọ́ lé e. Obìnrin ló wà lórí àga olórí ilé ẹjọ́ náà nígbà yẹn, Elisabeth Pognon. Ọmọ ilẹ̀ yìí ló jókòó dá ẹjọ́ náà, Ìwé Òfin tí àwa fúnra wa dìbò fún ní 1990 ni wọ́n sì fi dá a, èyí tó kọ ọ́ sí abala 26 pé ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba ní ẹ̀tọ́. Bí àbúrò bàbá rẹ bá ń wá ohun tí òyìnbó gbé wá, ìwé tó sọ obìnrin di ẹrù ni kó mú.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yẹn, kò parọ́ níbẹ̀. Kétu ni wọ́n ti ń pìtàn ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. UNESCO kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2001, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àjogúnbá àgbáyé ní 2008. Ìyálàṣẹ̀ ló ń darí ẹgbẹ́ náà. Ní òru Ẹ̀fẹ̀, ọkùnrin tó gbé ère wọ̀ kò ní kọ orin kankan kó tó júbà àwọn ìyá wa. Kò sí ohun tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìbà yàtọ̀ sí ìpín. A lè júbà ìyá lóru lọ́jà, kí ilẹ̀ mọ́, kí a sì jókòó pín oko láìpè é. Mo mọ àwọn ọkùnrin tó ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ dáadáa tó jẹ́ pé arábìnrin wọn kò ní ilẹ̀ kankan. Bí a bá fẹ́ fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ṣe ẹ̀rí, ẹ̀yìn rẹ ni ẹ̀rí náà wà, kì í ṣe ẹ̀yìn àbúrò bàbá rẹ.

Kí a tiẹ̀ fi òfin sílẹ̀ pátápátá. Nínú ìlànà ogún tí a mọ̀ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yorùbá, ìdí igi ni a fi ń pín in: ìdí aya kọ̀ọ̀kan gba ìpín tirẹ̀, àwọn ọmọ inú rẹ̀ sì pín in láàárín ara wọn. Ibòmíràn, orí-ò-jorí ni, iye ọmọ ni a ń kà. Nínú méjèèjì, a kì í yọ ọmọbìnrin kúrò nínú iye. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á sọ pé ilé ọkọ ló ń lọ, pé bí a bá fún un ní ilẹ̀, ẹbí mìíràn ló máa jẹ ẹ́. Ìbẹ̀rù yẹn yé mi, ilẹ̀ ń tán lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ni, kì í ṣe àṣà. Àti pé àwọn arákùnrin tó ń bẹ̀rù pé ilẹ̀ ń bọ́ lọ, àwọn náà ló ń tà á fún àlejò láti Kùtọnu.

Ó tó fún un. Jẹ́ kí n dé orí iṣẹ́ mi.

Agbẹjọ́rò ń gba ẹjọ́ ẹnìkan rò. Adájọ́ ń dá ẹjọ́ tó bá wá bá a. Àwa tí a ń kọ́ni ní òfin ní yunifásítì, ìwé òfin fúnra rẹ̀ la ń bá jà. A ń ka òfin tí àwọn aṣòfin ṣe, a ń kó ìdájọ́ jọ, a ń wò ó bóyá ohun tí òfin wí ni àwọn adájọ́ ń ṣe, a ń kọ ọ́ síta níbi tí kò bá rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Àpérò Àwọn Aṣòfin níhìn-ín ní Àjàṣẹ́ bá fẹ́ tún òfin ṣe, wọ́n lè pè wá kí a wá sọ tẹnu wa. Ohun tí mo sì gbà pé ó jù ni kíláàsì. Adájọ́ tó máa jókòó ní ilé ẹjọ́ Pobè lọ́jọ́ iwájú, orí àga kan níwájú mi ló ti ń gbọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ pé ìyá rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí nǹkan kan.

Mú ìtàn òfin ẹbí wa wò, kí o lè rí bí iṣẹ́ yìí ṣe ń rìn. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà ọdún 2002, àwọn aṣòfin ṣe òfin pé ọkùnrin lè yàn bóyá aya kan ni òun máa fẹ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin kò ní irú yíyàn bẹ́ẹ̀. Ìwé náà dé Ilé Ẹjọ́ tó ń ṣọ́ Ìwé Òfin Ilẹ̀ ní Kùtọnu, ní ọjọ́ 23 oṣù kejìlá ọdún kan náà ni ìdájọ́ DCC 02-144 sì jáde: ohun tí a fún ọkùnrin tí a kò fún obìnrin kò bá ìdọ́gba inú Ìwé Òfin Ilẹ̀ mu. Olórí ilé ẹjọ́ náà nígbà yẹn ni Conceptia Denis Ouinsou, tí wọ́n bí ní Haiti, tó ti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n òfin ní yunifásítì ilẹ̀ wa. Àwọn aṣòfin padà sí ìdí iṣẹ́, wọ́n tún òfin náà ṣe ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2004, ààrẹ sì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ. Òfin 2002-07 nìyẹn. Abala rẹ̀ lé ní 1,000. Ó ní ọdún 18 ni ọkùnrin àti obìnrin lè ṣègbéyàwó, ó ní ìdána kò ju àmì lọ, ó ní a kò lè so ẹnikẹ́ni pọ̀ láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ gbà, èyí tó túmọ̀ sí pé kò sí ẹni tó lè fi ipá ṣú opó. Ó ní àwọn ọmọ ń jogún bàbá àti ìyá wọn láìwo ọkùnrin tàbí obìnrin. Abala 1030 sì pa ìlẹ̀kùn dé: nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí òfin yìí kàn, àṣà kò ní agbára òfin mọ́.

Nítorí náà, ìdáhùn sí “obìnrin kì í jogún ilẹ̀” ti wà nínú ìwé láti 2004. Tí o bá fẹ́ fi kún un, òfin ilẹ̀ ti ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013 náà ní kí ìjọba rí i pé ọkùnrin àti obìnrin ń dé ìdí ilẹ̀ bákan náà.

O ó wá bi mí pé bí ó bá ti wà nínú ìwé, kí ló kù fún èmi láti ṣe?

Ibí gan-an ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀. Bí ènìyàn bá kú níhìn-ín tó fi ohun ìní sílẹ̀, ẹbí á jókòó, ẹnìkan tó mọ̀wé á kọ ohun tí wọ́n bá sọ, ìwé yẹn ni gbogbo ayé ń pè ní PV. Wọ́n á mú un lọ sí ilé ẹjọ́ kí adájọ́ lù ú lóǹtẹ̀. Ọjọ́ tó bá ti gba òǹtẹ̀, ó ti di òkúta. Mo ní ẹ̀dà ọ̀kan lọ́wọ́ tí mo fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta, mo ti fi dúdú pa gbogbo orúkọ inú rẹ̀ rẹ́. Ojú ìwé méjì ni. Lójú ìwé àkọ́kọ́, orúkọ olóògbé, ọjọ́ tó kú, lẹ́yìn náà àwọn ọmọ, ọkùnrin mẹ́rin, obìnrin mẹ́ta, ọjọ́ orí wọn, iṣẹ́ wọn. Gbogbo wọn pé. Kò sí ọmọbìnrin tí wọ́n yọ, bí adájọ́ bá fi òfin 2004 wò ó, kò ní rí nǹkan kan wí. Lójú ìwé kejì, lábẹ́ gbólóhùn tó gùn jù lọ, wọ́n kọ ọ́ pé ẹbí fohùn ṣọ̀kan láti fi àkọ́bí ọkùnrin ṣe alámòójútó ohun ìní gbogbo, pẹ̀lú agbára láti pín, láti tà, láti gba owó, láti fọwọ́ síwèé lórúkọ àwọn yòókù. Nísàlẹ̀, àwọn ọkùnrin fi bírò kọ orúkọ wọn. Àwọn obìnrin mẹ́ta tẹ àtàǹpàkò, yíńkì búlúù. Méjì hàn dáadáa. Ẹ̀kẹta ti fà sí ẹ̀gbẹ́, ó dà bí ẹni tí wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú sórí ìwé.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń wá ibi tí ìwé yìí ti rú òfin. Wọ́n á yí i síwá sẹ́yìn, àwọn tó mọ òfin jù á tọ́ka sí ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ tàbí àwọn ẹlẹ́rìí. Mo máa ń bi wọ́n léèrè pé ta ló ka ojú ìwé kejì sí àwọn obìnrin wọ̀nyí létí, ní èdè wo? Kíláàsì á pa rọ́rọ́. Ìwé Faransé ni. Ẹni tó kọ ọ́ ni ẹni tí wọ́n fi ṣe alámòójútó rán níṣẹ́. Àwọn obìnrin náà gbọ́ orúkọ ara wọn nígbà tí wọ́n ń kà á, inú wọn dùn pé wọ́n kà wọ́n mọ́ ọmọ, wọ́n sì tẹ̀ka. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ wọ́n gbọ́ pé oko ti di ti ẹlòmíràn, bí wọ́n bá sì lọ sí ilé ẹjọ́, ìwé tí wọ́n tẹ̀ka sí ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé síwájú wọn.

Èmi kò mọ ohun tó ń jí ogún obìnrin gbé ju ojú ìwé kejì yẹn lọ. Òfin kò burú, adájọ́ kò ṣe aburú, kò sí ẹni tó pariwo. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin kan kò rí nǹkan kan gbà. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe láti ọdún pípẹ́ báyìí dá lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀: mo ń kà wọ́n, mo ń fi wọ́n wé ìdájọ́, mo ń kọ ọ́ fún àwọn tó ń ṣe òfin pé kí wọ́n má lu òǹtẹ̀ kankan láìjẹ́ pé a ti tú u fún àwọn ajogún ní èdè tí wọ́n ń sọ nílé, níwájú ẹni tí kò sí nínú ẹbí. Àwọn kan ní ó máa fa ọjọ́ gùn. Bẹ́ẹ̀ ni, yóò fà á gùn.

Fún irú iṣẹ́ yìí, ọmọ Kétu wúlò ju ọmọ Kùtọnu tó gbọ́ Faransé nìkan lọ. Ẹni tó lè jókòó sórí àpótí pẹ̀lú ìyá arúgbó kan ní agboolé, kó ka abala òfin fún un ní Yorùbá Kétu, kó sì mọ ìgbà tí ìyá náà ń sọ pé “ó ti dáa” tó jẹ́ pé kò dáa, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ láàárín wa. Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ láti Ṣábẹ̀ẹ́ tó lọ ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ nílé. Ohun tí òun mú bọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ìyá rẹ̀, èmi kò lè fi Faransé mi mú un wá.

Ohun kan tún wà tí n kò fẹ́ kí o gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn kó tó di pé o gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Òfin 2004 tí mo ń yìn yìí kò gba gbogbo obìnrin là. Ìgbéyàwó ọkọ kan aya kan nìkan ni ó mọ̀. Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, níhìn-ín ní Àjàṣẹ́ pàápàá, agboolé tó ní ìyálé àti ìyàwó ṣì pọ̀. Ìyàwó kejì tí kò lọ sí mérì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú tó ń kọ ìgbéyàwó sílẹ̀, ẹbí mọ̀ ọ́n, ọjà mọ̀ ọ́n, òfin kò mọ̀ ọ́n. Bí ọkọ bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ jogún bíi ti àwọn yòókù bí ìwé ìbí wọn bá ní orúkọ bàbá, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀, lójú òfin, àlejò ni nínú ilé tó fi ogún ọdún gbá. Èyí ni ibi tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ti máa ń jiyàn. Àwọn kan ní bí a bá fún ìyàwó kejì ní nǹkan, a ti dá ìkóbìnrinjọ padà. Èmi ní ẹni tí òfin dá lẹ́bi nínú ọ̀rọ̀ yẹn kò yẹ kó jẹ́ obìnrin náà, nígbà tó jẹ́ pé ọkùnrin ló fẹ́ méjì. Tí o bá di akẹ́kọ̀ọ́ mi, o lè wá bá mi jiyàn lórí rẹ̀, ààyè wà.

Ìdájọ́ kan wà tí mo fẹ́ràn láti fi kọ́ni lórí ọ̀rọ̀ àìdọ́gba tó fara pamọ́. Òfin ìjìyà àtijọ́ ní kí wọ́n fi obìnrin tó ṣe àgbèrè sẹ́wọ̀n. Ọkùnrin ńkọ́? Àfi bó bá gbé àlè wá sínú ilé aya rẹ̀, owó ìtanràn ni tirẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2009, ìdájọ́ DCC 09-081 sọ pé kò bá Ìwé Òfin Ilẹ̀ mu. Ohun tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ní ilẹ̀ wa, aráàlú lásán lè gbé òfin lọ síwájú Ilé Ẹjọ́ tó ń ṣọ́ Ìwé Òfin Ilẹ̀, abala 122 Ìwé Òfin náà ló fún un láyè. O kò ní láti jẹ́ aṣòfin, o kò sì ní láti ní agbẹjọ́rò. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń pariwo pé ìjọba kò ṣe nǹkan kò tíì lo ẹ̀tọ́ yẹn rí.

O kò béèrè nípa ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó wà lọ́kàn rẹ, torí ọmọbìnrin tó dé BAC ní Kétu mọ iye àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò bá a dé ibẹ̀. Láti 2006 ni ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti di ọ̀fẹ́. Owó nìkan kọ́ ló ń lé ọmọbìnrin kúrò. Àwọn kan lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán kí wọ́n lè tètè rí nǹkan mú bọ̀, àwọn kan ń sin ẹrù kọjá ààlà lọ́jọ́ ọjà, àwọn kan ni olùkọ́ ló fún wọn lóyún. Fún èyí tó kẹ́yìn yìí, òfin wà láti ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ọdún 2006 tó dojú kọ ìyọlẹ́nu. Èyí tó le jù ni òfin 2021-11 ti ọjọ́ 20 oṣù kejìlá ọdún 2021: olùkọ́ tàbí ọ̀gá iṣẹ́ tó bá ọmọ tó ń kọ́ lò kò lè sọ pé ọmọ náà ló fẹ́ ẹ. Ọdún 2021 yẹn kan náà ni wọ́n dá Institut National de la Femme sílẹ̀, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin, tó lè dúró nílé ẹjọ́ fún ẹni tí wọ́n ṣe níbi. Àwọn ẹjọ́ kan nínú irú èyí ti dé CRIET, ilé ẹjọ́ àkànṣe tó wà níhìn-ín ní Àjàṣẹ́, ìdájọ́ rẹ̀ sì le. Mo ti gbọ́ kí àwọn ọkùnrin olùkọ́ máa sọ pé òfin yìí ti pọ̀ jù. Bí olùkọ́ kan bá rò pé òfin tó ní kó má fọwọ́ kan ọmọléèwé ti pọ̀ jù, iṣẹ́ mìíràn wà lọ́jà.

Ní ti àwọn tó ti rin ọ̀nà yìí, wọ́n kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹyọ kan. Grace d'Almeida Adamon, agbẹjọ́rò, wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin amòfin Bẹ̀nẹ̀ sílẹ̀ ní 1990, ó sì di mínísítà ètò ìdájọ́. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ yìí ni wọ́n ń lọ láti ìlú dé ìlú láti ṣàlàyé òfin fún àwọn ìyá wa. Reine Alapini-Gansou kọ́ni ní òfin ní Calavi, ó ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Áfíríkà, láti 2018 ló sì ti jẹ́ adájọ́ ní Ilé Ẹjọ́ Ìwà Ọ̀daràn Àgbáyé ní The Hague. Nínú ìdìbò oṣù kìíní ọdún 2023, òfin ìdìbò ti ya ìjókòó 24 sọ́tọ̀ fún obìnrin nínú 109 àwọn aṣòfin, obìnrin 28 ló sì wọlé. Òfin la fi ya ìjókòó yẹn sọ́tọ̀, amòfin ló kọ ọ́.

Ọ̀nà náà gùn, n kò ní tàn ọ́. Líṣáǹsì ọdún mẹ́ta, máásítà ọdún méjì, lẹ́yìn náà oyè dókítà tó lè gba ọdún púpọ̀. Fún ẹni tó bá fẹ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n, ìdánwò CAMES, àjọ ẹ̀kọ́ gíga àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Faransé, wà lẹ́yìn ìyẹn, níbi tí ìwọ àti àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn ti máa jọ dúró níwájú ìgbìmọ̀ kan náà. Ọdún kìíní kún fún èrò, ẹ óò jókòó sórí ilẹ̀ ní àwọn ọjọ́ kan. Faransé rẹ gbọ́dọ̀ dán, torí a kì í fi èdè tó ń kọsẹ̀ bá adájọ́ jiyàn. Má sì jẹ́ kí Yorùbá rẹ kú lẹ́nu rẹ, mo ti sọ ìdí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oko bàbá rẹ kò lè dúró de líṣáǹsì. Má bá àbúrò bàbá rẹ jà, òun ló kù tó dúró ní ipò bàbá. Kúnlẹ̀ kí i, kí o sọ fún un pé o fẹ́ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìpàdé. Wá ìyá àgbà kan nínú ẹbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń wọ àbúrò bàbá rẹ létí, kí ó bá ọ mú un kalẹ̀. Kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, gba ìwé ikú bàbá rẹ ní mérì, kí o sì wò ó bóyá ìwé ìbí rẹ àti ti àwọn àbúrò rẹ lobìnrin ní orúkọ bàbá bí ó ti yẹ, kódà lẹ́tà kan tó yàtọ̀ lè fa wàhálà, ANIP, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìwé ìbí àti ìwé ìdánimọ̀, ló ń tún un ṣe báyìí. Bí ìyá rẹ bá ní ìwé ìgbéyàwó, kó tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi tí kì í ṣe ilé ẹbí. Ní ìpàdé, béèrè pé kí alámòójútó jẹ́ méjì, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú PV pé kò sí ilẹ̀ tí a lè tà láìjẹ́ pé gbogbo ọmọ fọwọ́ sí i. Má ṣe fọwọ́ sí ohun tí wọn kò kà tán sí gbogbo yín létí ní Yorùbá. Bí wọ́n bá kọ̀, ọ́fíìsì ààbò àwùjọ tí wọ́n ń pè ní GUPS wà ní Kétu, ọ̀fẹ́ ni. Lẹ́yìn wọn ni ilé ẹjọ́ Pobè, ibẹ̀ ni PV náà ń bọ̀ wá gba òǹtẹ̀, ẹni tó bá sì tètè kọ̀wé síbẹ̀ pé òun kò fara mọ́ ọn lè dá a dúró. Tètè lọ, torí bí ẹnìkan nínú wọn bá ti fi orúkọ ara rẹ̀ nìkan gba ìwé ẹ̀rí ilẹ̀, ẹjọ́ rẹ ti di méjì.

Bí wọ́n bá ti dá ọjọ́ ìpàdé, kọ̀wé sí mi kí ọjọ́ náà tó pé, má dúró dìgbà tó bá kọjá. Bí wọ́n bá ti kọ PV náà, ya fọ́tò rẹ̀ kí o fi ránṣẹ́, ojú ìwé kejì ni kí o kọ́kọ́ yà.